Abúlé àwọn Li àti Miao ní Hainan: ibi tó tó owó àti ibi tí mo ti kábàámọ̀

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo lò ní Hainan lóṣù kọkànlá, ìyẹn erékùṣù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá gúúsù China, kì í sì í ṣe torí òkun ni mo ṣe lọ o. Gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ní Guangzhou tí mo ń gbé, tó bá ti ní òun ń lọ Sanya, ìyẹn ìlú etí òkun tó wà ní Hainan, etí òkun ló ń lọ, wọ́n á nà gbalaja sínú yanrìn, wọ́n á jẹ edé, wọ́n á padà wálé. Èmi ní tèmi, ìdí aró ni wọ́n bí mi sí. Aláró ni ìyá ìyá mi, màmá mi ń ta àdìrẹ títí dòní, èmi náà ń fi aṣọ ṣòwò, torí náà ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn obìnrin kan wà lórí òkè Hainan tí wọ́n ń di òwú kí wọ́n tó pa á láró, tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá hun ún lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo gbéra.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pe ẹ̀yà Li àti ẹ̀yà Miao tó ń gbé lórí òkè yẹn pọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Rárá o. Àwọn Li ló kọ́kọ́ tẹ erékùṣù yẹn dó, ó ti tó nǹkan bíi 3,000 ọdún, wọ́n sì ti lé ní mílíọ̀nù kan báyìí. Hlai ni wọ́n ń pe ara wọn lédè tiwọn. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín sí, Ha, Qi, Run, Sai àti Meifu, ẹni tó bá mojú aṣọ, tó bá ti rí ìró tí obìnrin ró, ó ti mọ ibi tó ti wá nìyẹn. Àwọn Miao ńkọ́? Wọ́n dé lẹ́yìn. Láyé ìjọba Ming, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ọba China àtijọ́, ni wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn wá láti Guangxi lórí ilẹ̀ China gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun, nígbà tó yá wọn ò padà mọ́, wọ́n wọnú òkè lọ, wọ́n dáko síbẹ̀. Kódà èdè tí wọ́n ń sọ, ti àwọn Yao, ẹ̀yà mìíràn ní China, ló sún mọ́, kì í ṣe ti àwọn Miao tó wà ní ìpínlẹ̀ Guizhou. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ Guizhou yìí, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ kìíní ni mo ti ṣìṣe. Obìnrin kan dúró nítòsí hòtẹ́ẹ̀lì mi ní Sanya, ó ń ta ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì àlọ àtàbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, "abúlé Miao", gbogbo ẹ̀ 98 yuan, owó China. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó yẹ kí n ti fura, torí 98 yuan ò tó owó bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ pàápàá, ẹni tó bá gbé ọ lọ sóde ní owó pọ́ọ́kú báyẹn, ibòmíì ló ti máa gba owó ẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà dúró, adé fàdákà ràgàjì lórí wọn, ó ń dún ṣaworo ṣaworo, wọ́n kọrin fún wa, wọ́n fà wá létí (wọ́n ní àmì ìfẹ́ ni), ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú wa wọ ilé kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyàrá, ibi ìdáná, nǹkan kan ò sí nínú ìkòkò, iná ò tíì jó nínú ààrò yẹn rí, mo fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn ẹ̀, kò sí èéfín kankan lára ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kù sí yàrá fàdákà. Ìyẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ gbé wa wá. Wọ́n tilẹ̀kùn, a jókòó sórí àga kéékèèké bí ọmọ iléèwé, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé fàdákà àwọn máa ń fa májèlé jáde lára, pé tí ara ẹ ò bá yá, ẹ̀gbà náà á dúdú kó tó di pé o mọ̀, ó sọ ọ́ ó sọ ọ́, a ti lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ kan, 1,280 yuan. Mo ní rárá. Ó di 680. Mo dìde. Ó di 260, kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọjà tó já wálẹ̀ báyẹn láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí lo fẹ́ kí n gbà gbọ́ nípa ẹ̀? Mo yí inú ẹ̀ wò, kò sí àmì ìwọ̀n fàdákà kankan, bẹ́ẹ̀ fàdákà gidi ní China wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí i lára, 925 tàbí 990 tàbí 999. Mo béèrè fapiao, ìyẹn rìsíìtì ìjọba, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bàbá àti ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ra ẹ̀gbà méjì, ọ̀kan fún ọmọ ọmọ wọn. Ó dùn mí gan-an, mi ò lè sọ nǹkan kan fún wọn nígbà tí mo rí i bí inú wọn ṣe ń dùn.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Adé fàdákà ràgàjì yẹn, kì í ṣe ti àwọn Miao Hainan rárá. Ti àwọn Miao Guizhou ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ fàdákà báyẹn, tí wọ́n ń dé e fún ìyàwó. Obìnrin Miao ti Hainan, aṣọ aró dúdú ló máa ń wọ̀, ó gùn dé orúnkún, gèlè tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí létí ló ń wé, kò ní ariwo lára, àfi tí o bá sún mọ́ ọn lo máa rí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Torí pé fàdákà ló ń tà, wọ́n bọ́ aṣọ àwọn onílé lára wọn, wọ́n gbé ti ará ibòmíì wọ̀ wọ́n. Torí náà tẹ́ ẹ bá dé abúlé Miao kan ní Hainan tẹ́ ẹ rí adé fàdákà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti mọ yàrá tó ń dúró dè yín nínú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí Guangzhou lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ pé mi ò padà.

Ọjọ́ kejì mo lọ sí Binglanggu, ìyẹn ọgbà àṣà àwọn Li àti Miao tó wà ní Baoting, kò jìnnà sí Sanya, mọ́tò ò gbà ju wákàtí kan lọ. Láti ọdún 2015 ni ìjọba China ti fún un ní ipò 5A, ìyẹn ipò tó ga jù fún ibi ìgbafẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kó yé yín o, ọgbà ni, kì í ṣe abúlé tí èèyàn ń gbé bí ẹ ṣe mọ abúlé, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọlé, eré ijó wà tó ní àkókò, ṣọ́ọ̀bù náà wà. Mo sọ èyí kẹ́nì kankan má baà retí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí mo rí níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni, ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ni mo ti rí i. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni mo débẹ̀, mo sì rọ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí tó bá ti di aago mẹ́wàá àwọn bọ́ọ̀sì á ti tú èèyàn sílẹ̀, o ò ní lè jókòó ti ẹnikẹ́ni mọ́. "Bolong" ni wọ́n fi ń kíni, wọ́n á na àtàǹpàkò sókè sí ọ, kíá lo máa mọ̀ ọ́n.

Àwọn màmá ahunṣọ wà lábẹ́ àtíbàbà koríko. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú gbọọrọ, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti igi kan síwájú, okùn tó mú igi kejì gba ẹ̀yìn ìdí wọn yí ká, ara wọn gan-an ni òfì! Kò sí férémù, kò sí òpó. Tí màmá bá fẹ́ kí òwú le, wọ́n á fẹ̀yìn sẹ́yìn, tí wọ́n bá fẹ́ kó dẹ̀, wọ́n á rọra tẹ̀ síwájú. Mo jókòó ti màmá kan fún wákàtí kan àti díẹ̀, ojú mi ò kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, igi yẹn ti gbẹ́ ojú ibi tó ń jókòó sí sí i lára, awọ ibẹ̀ ń dán. Ìyá ìyá mi náà, èékánná wọn ò funfun rí, aró ti wọ̀ ọ́ lọ títí wọ́n fi jáde láyé. Ẹ̀mí iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ gan-an wá nìyí, iṣẹ́ àwọn Meifu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdìrẹ, ẹ mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n ti hun tán la máa ń dì, a ó dì í, a ó rẹ ẹ́ sínú aró, a ó tú u, ojú ìdì á funfun. Àwọn Meifu ò dúró de aṣọ. Òwú ni wọ́n ń dì. Wọ́n á ta òwú sórí igi gbọọrọ, wọ́n á máa so ó ní kókó bí iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn ṣe rí, wọ́n á wá pa á láró, wọ́n á tú u, iṣẹ́ ti wà lára òwú kí híhun tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń dì í ti gbọ́dọ̀ rí aṣọ tí kò tíì sí. Bí okùn kan bá yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń hun ún, àwòrán á wọ́, àní gbogbo ẹ̀ máa ń ní ojú tó ń ṣe bàìbàì létí létí, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó lẹ́wà. Mo ti ń fi aṣọ ṣòwò fọ́dún mọ́kànlá, mi ò rí i rí lójú ara mi. Ẹ̀lú náà ni wọ́n ń lò. Òórùn ìkòkò aró wọn, bí òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ló rí, omijé ń bọ̀ lójú mi, ọmọbìnrin gáìdì mi rò pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Àwọn ará China pàápàá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn Li ni ìmọ̀ yìí wà. Obìnrin kan wà láyé ìjọba Yuan tó ń jẹ́ Huang Daopo, ará Songjiang, apá Shanghai òde òní, ó gbé ní Yazhou létí Sanya fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn Li ló ti kọ́ iṣẹ́ òwú, ìgbà tó padà sílé ní nǹkan bí ọdún 1295 ló fi kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, iṣẹ́ aṣọ òwú sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2009, UNESCO fi òwú rírán, aró pípa, aṣọ híhun àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn Li sínú ìwé àwọn àṣà tó fẹ́ pa rẹ́ tó nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Lóṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yẹn, wọ́n gbé e lọ sínú ìwé àwọn àṣà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wo àwọn ọmọdébìnrin méjì tí wọ́n jókòó ti màmá yẹn, ọ̀kan ò lè ju ọdún méjìlá lọ, ó ń yan òwú pupa lára dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbà pé òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan ojú àwọn màmá. Díẹ̀ nínú wọn kọlà. Kì í ṣe gígé bíi tiwa, ẹ̀gún ni wọ́n fi ń gún un tí wọ́n á fi aró dúdú sí i, ó wá di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewéko tó ṣú, láti etí wá sí àgbọ̀n, àwọn míì ní i lẹ́sẹ̀ àti lápá. Obìnrin nìkan ló ń kọ ọ́, ìgbà tí ọmọ bá tó bí ọdún méjìlá, mẹ́tàlá. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọ́n ní tí obìnrin bá kú, ìlà yẹn ni àwọn baba ńlá fi ń mọ̀ pé ọmọ àwọn ló dé. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àṣà yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, torí náà arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni gbogbo àwọn tó ṣì kù. Ìyá ìyá mi kọ pẹ́lẹ́. Mo ní fọ́tò wọn lórí fóònù, mo fi han màmá tí mo jókòó tì. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka kan tẹ̀lé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí gíláàsì, fọ́tò ń fò lọ wọ́n ń fà á padà, wọ́n wá sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin gáìdì ní, "Màmá ń béèrè bóyá ó dùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́." Mo ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà yẹn, wọn ò rántí. Màmá ní, "Èmi rántí." Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n fẹ̀yìn sẹ́yìn, òwú le, wọ́n bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí àwọn kan tí mo rí tó di ọ̀sán, tí wọ́n ń na fóònù sí àwọn àgbàlagbà lójú bí ẹni pé ère ni wọ́n. Ọ̀kan kàn wá jókòó, ó gbé orí ẹ̀ ti èjìká màmá, ó ya fọ́tò, ó dìde, kò kí wọn. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jókòó, ẹ kí wọn, ẹ nawọ́ sí fóònù kẹ́ ẹ wo ojú wọn bóyá wọ́n gbà. Ẹ ra nǹkan. Mo ra ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní 180 yuan, ọ̀pọ̀lọ́ wà lára ẹ̀ àti akọni kan tó la ẹsẹ̀, wọ́n ní òun ló ti ojú ọ̀run sókè tí ayé fi gbòòrò. Ọ̀já yẹn, gáìdì ní ó gba màmá ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ. Mi ò ná an.

Nǹkan tó kù níbẹ̀, mo máa yára sọ ọ́. Àwọn màmá tó ń mọ ìkòkò wà, obìnrin nìkan ló ń mọ ọ́ bíi tiwa, wọn kì í lo ilé ìná, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún lábẹ́ igi àti koríko. Aṣọ tí wọ́n lù láti ara èèpo igi wà, igi kan tí oje ẹ̀ jẹ́ oró tí wọ́n fi ń kun ẹnu ọfà láyé àtijọ́, ẹ rò ó wò, igi tó ń pa ẹran náà ló ń bora fún ọdẹ. Fèrè tí wọ́n ń fi imú fọn, mo gbádùn ẹ̀ púpọ̀, ohùn ẹ̀ ò lọ síbi kankan, ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Ijó igi oparun, tí wọ́n ń pa oparun pọ̀ tí ẹ máa fò ó, ó dùn fún ọmọdé, ẹ bọ́ bàtà onígìgísẹ̀.

Ẹ máa rí binglang níbi gbogbo, èso igi kan tó dà bí ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á là á, wọ́n á fi ewé kan àti ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun òkun sí i, wọ́n á máa rún un, itọ́ á pupa bí ẹ̀jẹ̀. Bí obì ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó òun ni wọ́n máa ń gbé lọ. Tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ẹ dúpẹ́, ẹ fi sápò. Àwọn onímọ̀ àjọ ìlera àgbáyé ti fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, èmi ò rún un o.

Oúnjẹ ńkọ́! Ìrẹsì inú oparun ni kẹ́ ẹ jẹ, ìrẹsì orí òkè tí wọ́n ń pè ní shanlan ni, wọ́n á rọ ọ́ sínú oparun pẹ̀lú ẹran díẹ̀, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí ẹnu ẹ̀, wọ́n á sun ún lórí iná ẹyín, tí wọ́n bá là á, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú oparun á lẹ̀ mọ́ ìrẹsì náà, òórùn ewé tútù ló ń ta. Ìrẹsì shanlan yìí náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí, ó funfun, ó dùn bí oyin, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, ife kẹta ló máa sọ fún yín pé ọtí ni. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní yucha, "tíì ẹja", kì í ṣe tíì rárá, ẹja tútù ni wọ́n rẹ pọ̀ mọ́ ìrẹsì nínú ìṣà títí ó fi kan. Àwọn ará China tí a jọ jókòó sá fún un. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá ògìrì, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bù sí i. Ìrẹsì àwọ̀ mẹ́ta ti àwọn Miao, pupa, òféèfèé àti dúdú, ewé àti gbòǹgbò ni wọ́n fi ń pa á láwọ̀, ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, torí imú ẹ̀ gùn débi pé ó ń fi ń wọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ karùn-ún, ẹran ẹ̀ ò lọ́ràá púpọ̀, ó dáa.

Ọjọ́ kẹta mo wọ òkè lọ, Wuzhishan, òkè oníka márùn-ún, 1,867 mítà, òun ló ga jù ní Hainan. Àwọn tó fẹ́ mọ ìtàn dáadáa, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìlú Wuzhishan. Mo bá aṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní longbei níbẹ̀, aṣọ tí àwọn Li ń hun tí wọ́n ń kó fún ọba China gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀ láyé ijọ́un. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀, ẹ lọ wò ó.

Ní ti ilé àtijọ́ àwọn Li tó dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú ara ẹ̀, abúlé Baicha ní Dongfang ló gbọ́dọ̀ lọ, bí 80 ilé ló wà níbẹ̀. Koríko ni òrùlé, ó wá sílẹ̀ dé ibi tí ògiri yẹ kó wà. Òpó mẹ́ta gíga láàárín dúró fún ọkùnrin, mẹ́fà kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró fún obìnrin, wọ́n ní ilé ò lè dúró láìsí méjèèjì. Àwọn onílé ti kó lọ sí ilé bíríkì tuntun nítòsí, mo sì ń gbọ́ tí àwọn àlejò ń kùn pé kí ló dé tí wọn ò dúró sínú ilé wọn. Ẹni tó ń kùn yẹn, ṣé ó ti sùn lábẹ́ koríko lóṣù kẹsàn-án tí ìjì òkun dé? Ó wù mí kí wọ́n tọ́jú àwọn ilé yẹn, àmọ́ àwọn tó ni ín ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn níbi tí omi ò ti ní kán sí wọn lórí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Abúlé Miao kékeré kan ni lẹ́bàá òkè, ọmọbìnrin tó ni ilé tí mo sùn ló mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí ìyá ẹ̀ tó ń fi ìda ya iṣẹ́ sára aṣọ. Ìda oyin ni, wọ́n yọ́ ọ nínú abọ́ kékeré lórí ẹyín iná, oparun tí wọ́n gé lẹ́nu ni wọ́n fi ń bù ú tí wọ́n fi ń fà á sára aṣọ funfun, ibi tí ìda bá wà aró ò ní wọ̀ ọ́. Mo pariwo! Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyí, ìda dípò láfún! Mo fi fóònù tú ọ̀rọ̀ fún màmá yẹn, mo ní níbi tí mo ti wá, ẹ̀kọ la fi ń ya á, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ọ́. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo mi, wọ́n ní fóònù ti ṣìṣe. Mo ní kò ṣìṣe màmá, oúnjẹ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, oúnjẹ á yọ́ nínú aró." Gbogbo bí mo ṣe ṣàlàyé, wọn ò gbà. Wọ́n fún mi ní oparun kí n ya tèmi, ọwọ́ mi gbọ̀n, ìda tutù kó tó délẹ̀, ìlà mi já sí wẹ́wẹ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a jọ fà á. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò béèrè kọ́bọ̀. Mo ra aṣọ méjì lọ́wọ́ wọn, 300 yuan, mo sì fi owó tíì sábẹ́ abọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Àǹfààní kí orílẹ̀-èdè 59 wọ Hainan láìgba físà, Nàìjíríà ò sí nínú ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Páásípọ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín níbi gbogbo, hòtẹ́ẹ̀lì ló máa forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé èèyàn lẹ sùn, ẹ̀yin àti onílé lẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra yín láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Alipay tàbí WeChat lórí fóònù ni wọ́n fi ń sanwó káàkiri, àmọ́ ẹ mú owó bébà kéékèèké dání torí àwọn màmá tí kò mọ fóònù lò. Oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá òjò àti ìjì ni, láti oṣù kọkànlá lọ ló dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọdún wọn, San Yue San ni, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta lórí kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn, ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin tiwa, àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti máa ń kún nígbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan péré, ẹ lọ Binglanggu láàárọ̀ kùtù, ẹ jókòó ti ahunṣọ kan ṣoṣo, ẹ fi eré ijó sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní mẹ́ta, ẹ wọ òkè. Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tà lẹ́bàá hòtẹ́ẹ̀lì, kódà tí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ má gbà á.

Ìgbà tí mo dé Guangzhou, mo pe màmá mi, mo ní kí wọ́n fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ránṣẹ́, kí wọ́n má fọ ẹ̀kọ ara ẹ̀ kúrò tán, kí wọ́n fi igun kan sílẹ̀ bó ṣe gbẹ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo tún fi í ránṣẹ́ sí Wuzhishan. Lánàá ni ọmọbìnrin onílé yẹn fi fídíò ránṣẹ́. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi èékánná họ igun tí ẹ̀kọ ṣì wà, wọ́n kó èyí tó já bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n tọ́ díẹ̀ lá.